Okùn Tí Mo Fi Wọn Mọ́tò Ọlọ́yẹ́

Òórùn sìlípáàsì tó ń jóná ni òórùn ìgbà èwe mi. Tí mo bá fẹ́ ṣe táyà, màá ti ẹnu páìpù irin kékeré kan bọ inú èédú títí yóò fi pọ́n, màá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹ̀ sìlípáàsì tó ti gbó. Yóò dún ṣìì, èéfín dúdú yóò sọ, táyà roboto kan yóò sì bọ́ sílẹ̀, etí rẹ̀ á máa dán. Ìyá mi a pariwo láti ilé ìdáná pé ta ló ń sun òkú ajá. Màá tún ti páìpù bọ inú èédú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé nígbà náà, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo Èsìẹ́ tó gbọ́n tó mi. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti rí i pé àṣìṣe ni. Ẹnì kan wà ní Òmù-Àrán.

Láti ìgbà náà títí di òní ni mo ti ń kan mọ́tò kéékèèké, tí mo sì ń tò wọ́n pa mọ́. Wọ́n kún ara ògiri pálọ̀ mi: bọ́ọ̀sì onípákó tó ń ná Òmù-Àrán sí Ìlọrin, mọ́tò ìjàpá tíṣà àgbà tí iná ojú rẹ̀ kan fọ́, lọ́rì tó ń kó iṣu láti Rórè, kódà katakata tí wọ́n gbé wá sí oko kan lọ́nà Agbamu, tó kú kí ó tó kọ ebè kan. Àwọn àlejò tó wá wo àwọn ère òkúta àtayébáyé ìlú wa máa ń yà lọ́dọ̀ mi nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Wọ́n á wo pẹpẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Bàbá, ọmọ yín wo ló ni àwọn nǹkan ìṣeré yìí?” Ènìyàn rin ìrìn àjò wá wo òkúta tí ẹnìkan gbẹ́, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó tún dúró níwájú iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó ń béèrè ọmọ. Màá sọ fún wọn pé ọmọ náà sùn. Wọ́n á gbà á gbọ́, wọ́n á sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi jáde.

Kò sí ohun ìṣeré níbẹ̀. Èyíkéyìí tí o bá gbé lórí pẹpẹ yẹn, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún mọ́tò gidi ni, ní gígùn, ní ìbú, àti ní gíga. Nígbà tí mò ń dàgbà, mọ́tò agolo ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe. Ohun tó bá ṣáà ti ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á so okùn mọ́ ọn nímú, wọ́n á máa fà á káàkiri àdúgbò, wọ́n á máa fi ẹnu dún fúùn bí ẹni tí inú ń run. Tí o bá béèrè pé mọ́tò wo nìyẹn, wọn kò mọ̀. Mo kẹ́gàn wọn gidigidi. Èmi kì í fa mọ́tò tèmi lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ìdí nìyí tí n kò fi ní ọ̀rẹ́ kankan.

Káfíńtà ni bàbá mi, iṣẹ́ rẹ̀ sì pín sí méjì, ti alààyè àti ti òkú. Ohun tí alààyè fẹ́ lò, àga, ìlẹ̀kùn, kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀pá ló fi ń wọ̀n ọ́n. Òkú nìkan ló ń fi okùn wọ̀n. Okùn òwú funfun ni, tó ti ta kókó sí etí kan. Yóò na okùn náà láti orí òkú dé àtẹ́lẹsẹ̀, yóò gé e níbi tó parí sí, tó bá sì kan pósí tán, inú rẹ̀ ni yóò ju okùn náà sí, kí ó má baà tún wọn ẹlòmíràn. Kò sí ọmọdé kan ládùúgbò tí kò mọ okùn yẹn. Tí bàbá mi bá gbé e kọ́ èjìká jáde nílé, àwọn obìnrin á ti káwọ́ lérí, wọ́n á máa béèrè pé ta ló lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá kò ṣe é ká, ìṣòro tèmi sì nìyẹn. Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ tèmi ni pé màá na okùn sí ara mọ́tò láti báḿpà iwájú dé ti ẹ̀yìn, màá ká a sí méjì, màá tún ká èyí sí méjì, màá máa ká a bẹ́ẹ̀ títí yóò fi di ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Èyí tó kù lọ́wọ́ mi ni gígùn mọ́tò kékeré. Màá fi ọ̀bẹ sàmì rẹ̀ sára pẹlẹbẹ ọparun kan tí mo máa ń kì bọ àpò. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Okùn ìko ni mo ń lò, ó sì dára, àfi pé tó bá ti gbẹ, ó máa ń já.

Nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo ẹni tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ń gba iṣẹ́ ìjọba ṣe, ọmọ ìlú wa kan wà ní Èkó tí gbogbo ayé ń pè ní Kọntirakítọ̀. Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ló ń gbà. Páìpù á dé, wọ́n á ri páìpù mọ́lẹ̀, omi nìkan ni kì í rántí wá. Ó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ilé, ó sì ti fi ẹnu ṣèlérí pé bàbá mi ni yóò ṣe gbogbo ìlẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀. Bàbá mi ti ń to pákó àfàrà jọ sẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹran ọdún.

Ní Kérésìmesì ọdún kan, Kọntirakítọ̀ gbé mọ́tò ọlọ́yẹ́ wálé. Dúdú ni, ó gùn, ó ń dán, kọ́tìnì aláwọ̀ ewé wà ní fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀, ọyẹ́ sì ń fẹ́ nínú rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń pa wá níta. Kí ẹ rí àwọn ará ìlú mi lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbàlagbà tó yẹ kí wọ́n mọ̀wà hù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, wọ́n ń ti ọwọ́ bọ fèrèsé kí wọ́n lè fi kan ọyẹ́. Ìyá àgbà kan fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó fi pa ojú, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Kọntirakítọ̀. Ọyẹ́ tí Ọlọ́run ń fún gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, òun ni wọ́n ń dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin jókòó sínú mọ́tò, ó gbé páálí kan lẹ́sẹ̀, mọ́tò kékeré onírọ́bà tí wọ́n rà fún un láti òkè òkun ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀, wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i lára, kí ó ṣáà fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ ni. Ó ní òun náà ń kan mọ́tò. Mo wò ó, mo wo ọwọ́ rẹ̀ tí ìṣó kò gún rí.

Mo kórìíra ọkùnrin náà, mo sì fẹ́ mọ́tò rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ìyàwó. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí gbogbo wọn wọlé lọ jẹun, mo mú okùn ìko mi lọ. Mi ò tíì nà án dé ìdajì mọ́tò tó fi já. Mo sáré padà sílé. Okùn kan ń bẹ lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, funfun, tuntun, ó gùn dáadáa. Bàbá mi ti pèsè rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ wọn bàbá arúgbó kan tó ṣaláìsí ní agbolé kejì. Ẹni tó gbọ́n jù ní Èsìẹ́ kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú okùn òkú, ó sì sáré gba àárín ìlú lọ.

Mo wọn gígùn, mo wọn ìbú, mo ká okùn, mo sàmì sí ọparun. Ó ku gíga nìkan. Mo dùbúlẹ̀ sínú eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo na okùn láti ilẹ̀ dé orí mọ́tò, mo ká a, mo sàmì rẹ̀; mo tún ń nà án kí ó lè dá mi lójú, ìgbà náà ni dírẹ́bà jáde, tó ń tayín. Igi ìtayín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Yéè! Wọ́n ti wọn ọ̀gá mi o!”

Gbogbo ilé tú jáde, eegun adìyẹ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Kọntirakítọ̀ fúnra rẹ̀ jáde, ó ń fi Yorùbá Èkó tó ti po mọ́ òyìnbó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára okùn náà, ó rí kókó tó wà létí rẹ̀. Kíá ni òyìnbó sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, tí Èkó sá tẹ̀lé e, tí ó kù sórí Ìgbómìnà tí ìyá ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

“Ta ló kú?” ó bi mí.

“Kò sẹ́ni tó kú, sà. Mọ́tò ni mò ń wọ̀n.”

“Ta ló ni mọ́tò?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ẹ gbọ́ o!” Ó kọjú sí àwọn ènìyàn, ó nawọ́ sí mi. “Ó ní èmi ni! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́!”

Wọ́n lọ pe bàbá mi. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀, torí mo mọ̀ pé yóò ṣàlàyé. Mo ti rò ó pé yóò sọ fún wọn pé okùn ni okùn, pé òwú ni, pé mọ́tò kì í kú. Kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkùnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ó ń ní, “Ẹ forí jì í, bàbá wa, ọmọdé ni, ọmọdé ni.” Ó dùn mí ju ohunkóhun tí wọ́n ṣe fún mi lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ nígbà náà pé àwọn pákó àfàrà yẹn ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Kọntirakítọ̀ ní òun yóò dárí jì wá bí a bá lè ṣe nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí wọ́n kó gbogbo mọ́tò tí mo ti kàn wá, kí wọ́n sun ún lójú òun. Èkejì, n kò gbọdọ̀ kan irú mọ́tò òun níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Ẹ̀kẹta ló jẹ́ kí n mọ irú ènìyàn tó jẹ́.

“Káfíńtà, ọ̀pá dà? Lọ mú ọ̀pá rẹ wá. Fi ọ̀pá wọ̀n mí, kí gbogbo ayé rí i pé alààyè ni mí.”

Báyìí ni ọkùnrin ńlá, ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ ọyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe lọ fẹ̀yìn ti òpó ilé rẹ̀, tó na ara tán, tó di èémí mú, tí káfíńtà sì fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé òkè bí kọ́bọ́ọ̀dù. Bàtà onígìgísẹ̀ gíga tó lòde nígbà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fìlà rẹ̀ nà gogoro lórí rẹ̀, bàbá mi kò sì gbóyà láti ní kí ó bọ́ ìkankan. Ó fi ọ̀bẹ sàmì sára ọ̀pá níbi tí ṣóńṣó fìlà dé, ó sì ké e sókè pé alààyè ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi gbá mi létí lójú gbogbo wọn, àwọn kan tún pàtẹ́wọ́ sí ìyẹn.

Wọ́n wá sun àwọn mọ́tò mi. Ìjàpá, bọ́ọ̀sì, lọ́rì, gbogbo wọn. Igi arère fúyẹ́, kò pẹ́ jóná rárá, táyà ló pẹ́. Òórùn yẹn gba gbogbo àdúgbò. Mo sunkún, mo ní èéfín ni. Kò sí ẹnì kankan tó rò pé kí òun wo àpò mi, nítorí kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó lè ronú pé pẹlẹbẹ ọparun kan tí ọ̀bẹ ha lára lè wúlò fún ohunkóhun. Àwọn ìlẹ̀kùn àti fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, káfíńtà kan láti Ìlọrin ni Kọntirakítọ̀ padà gbé e fún. Bàbá mi fi pákó àfàrà rẹ̀ kan pósí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sì dárúkọ ọkùnrin náà mọ́ títí tó fi kú.

Mo tún gbogbo mọ́tò tí wọ́n sun kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ọlọ́yẹ́, èyí tí mo ti wọ̀n tí n kò tíì kàn, nìkan ni mo dá dúró, nítorí bàbá mi. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo jogún ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pá, àti àwọn òkú ìlú.

Ọdún líle dé. Owó epo bọ́, ìjọba kò rí iṣẹ́ gbé fún ẹnikẹ́ni mọ́, búrẹ́dì di ohun tí à ń gé wíńníwínní. Kọntirakítọ̀ padà wálé, lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó tò láti kí i. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kò tíì ní òrùlé, ó ń gbé ìsàlẹ̀. Ọyẹ́ inú mọ́tò ló kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ó ta bátìrì, ó ta àwọn táyà, wọ́n sì gbé mọ́tò náà lé búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi máńgòrò. Adìyẹ ń yé síbi tí ẹ́ńjìnì wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti ọwọ́ bọ fèrèsé lọ́jọ́sí, àwọn náà ló ń pè é ní ilé adìyẹ báyìí, n kò mọ èyí tí mo kẹ́gàn jù nínú wọn, ẹni tó ni mọ́tò tàbí àwọn tó ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀nà mi. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́.

Ìgbà náà ni mo yọ ọparun náà jáde. Ìlérí tí wọ́n fi iná gbà lọ́wọ́ ènìyàn, n kò kà á sí ìlérí. Mo fi arère gbẹ́ ara rẹ̀, mo fi agolo mílíìkì ṣe báḿpà, mo fi ìdérí ìgò abẹ́rẹ́ ṣe iná, mo gé kọ́tìnì rẹ̀ lára ìborùn àtijọ́ ìyá mi tí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu. Mo kùn ún ní dúdú, mo fi sáńpépà ha á, mo tún un kùn, títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. N kò tíì ṣe èyí tó dára tó o títí di òní.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rìn, agbádá ń fẹ́ lára rẹ̀ torí kò sí ẹran ara tí yóò gbé e ró.

“Wọ́n ní mọ́tò mi wà lọ́dọ̀ rẹ.”

“Mọ́tò yín wà lábẹ́ igi máńgòrò, sà,” mo dá a lóhùn. “Adìyẹ ló wà nínú rẹ̀.”

Mo dúró kí ó bínú. Kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ọwọ́ méjèèjì. N kò mọ ohun tó mú mi gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ó fi èékánná fa kọ́tìnì, ó ní ẹ̀gbẹ́ òsì máa ń há díẹ̀ nígbà náà, pé dírẹ́bà kò tún un ṣe fún òun. Ó wá gbé e súnmọ́ ẹnu, ó rọra fẹ́ èémí wọ inú rẹ̀ láti fèrèsé, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Fún mi, ọmọ Káfíńtà. Jọ̀ọ́.”

“Ẹ ti sun àwọn tèmi, sà,” mo sọ. “Èyí kì í ṣe tiyín.”

Ó gbé e padà sórí tábìlì, ó rọra ṣe é kí táyà rẹ̀ má gbá igi. Ó ní, “O ṣe é dáadáa,” ó sì lọ. Inú mi dùn títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú, mo tilẹ̀ ń kọrin.

Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó. Àkọ́bí rẹ̀, ẹlẹ́páálí onírọ́bà ìjọ́sí, ló wá bá mi pé kí n wá wọn bàbá wọn. Mo ní kò sídìí. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo mú ọ̀pá bàbá mi, mo fi àmì ọ̀bẹ hàn án. Mo ní bàbá rẹ̀ ti kọ okùn lójú gbogbo ìlú, pé ọ̀pá ló fẹ́, ìwọ̀n ọ̀pá yìí náà sì ni màá fi kan pósí rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ gidi ni mo sọ. Ọmọ náà kò tilẹ̀ rántí ọjọ́ tí mò ń wí.

A gbé òkú sínú pósí lójú àlùfáà àti gbogbo ẹbí. Orí rẹ̀ kan òkè, ṣùgbọ́n àyè gbọọrọ ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gbé pósí díẹ̀, ọkùnrin náà yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, èmi tí n kì í ṣi ìwọ̀n, mo ń wo àyè yẹn, kí n tó mọ ohun tó jẹ́. Àyè fìlà ni, àti ti gìgísẹ̀ bàtà. Bàbá mi wọ̀n wọ́n mọ́ ọn, èmi náà sì kàn án bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àlùfáà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Àkọ́bí wò káàkiri, ó ní kí wọ́n wá ìwé ìròyìn, kí wọ́n fi dí i.

Ìwé ìròyìn. Ọmọ tó bí yìí fẹ́ fi ìwé ìròyìn dí i bí ìgò tí wọ́n fẹ́ kó rin ìrìn àjò.

Mo ní kí wọ́n dúró. Mo lọ sílé, mo gbé mọ́tò ọlọ́yẹ́ náà lórí pẹpẹ, mo gbé e wá. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gígùn, ó sì ṣe wẹ́kú, láti báḿpà iwájú dé ti ẹ̀yìn. A tún gbé pósí, òkú kò mira. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Opó olóògbé nìkan ló tẹ̀ba wò ó, ó ní, “Kọ́tìnì yẹn náà nìyẹn,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lákọ̀tun. Mo kan ìdérí pa.

Ẹ má ṣe rò pé mo dárí ji ọkùnrin náà. Iṣẹ́ ni mo ṣe. Káfíńtà tó bá jẹ́ kí òkú máa yọ̀ kiri nínú pósí, kí ó lọ máa ṣe nǹkan mìíràn. N kò fẹ́ràn rẹ̀ láàyè, ikú rẹ̀ kò sì sọ ọ́ di ènìyàn gidi, omi ẹ̀rọ rẹ̀ kò tíì dé títí di òní. Ṣùgbọ́n ọparun náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, arère kò wọ́n, ọwọ́ mi kò tíì gbọ̀n, n kò sì tún un kàn. Ojú ibi tó wà lórí pẹpẹ ṣófo, mo ń nu eruku rẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn àlejò ère òkúta fi ìka sí i, ó bi mí pé mọ́tò wo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní ẹni tó ni ín ti gbé e lọ.